Sẹ̀rámíìkì nínú ẹ́ńjìnnì: ibo ni ooru tí a dá dúró ń gbà lọ?

Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá jó lítà epo mẹ́ta, agbára tó wà nínú bíi lítà kan péré ló ń yí kiráńkì, irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà. Agbára lítà kejì á bá èéfín gba sàlẹ́ńsà jáde. Ti ẹ̀kẹta, omi rédíétọ̀, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí ara irin ni wọ́n jọ ń pín in gbé. Ìṣirò náà kò rí bákan náà nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kì í jìnnà sí èyí. Ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń ta epo báyìí yóò fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè dí ihò tí lítà kẹta yẹn ń gbà sá lọ. Inú ìbéèrè yẹn ni òwò fífi sẹ̀rámíìkì kùn orí písítìn (irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà), ojú fáàfù àti inú sìlíńdà hẹ́ẹ̀dì ti jáde.

Sẹ̀rámíìkì kì í ṣe àlejò lára ọkọ̀. Apá funfun tó wà lára plọ́ọ̀gì, sẹ̀rámíìkì ni. Mọ̀lẹ́bí ìkòkò amọ̀ àti táìlì ni, ó sì bá abọ́ tánganran tan, èyí tó jẹ́ irin tí wọ́n fi ohun tó dà bíi gíláàsì bò. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù níbi iṣẹ́ ooru ni zirconia, tí wọ́n po ohun mìíràn tó ń jẹ́ yttria bí ìdá 7 nínú 100 mọ́, kó má baà máa sán bó ṣe ń gbóná tó sì ń tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ooru gba ara òun kọjá bọ̀rọ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe písítìn ń gbé ooru kọjá jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100.

Ìyára alumíníọ̀mù yẹn kì í ṣe àléébù o. Òun gan-an ló ń dá ẹ̀mí písítìn sí. Lásìkò tí epo bá gbiná, ooru gáàsì tó wà lórí rẹ̀ máa ń kọjá 2,000°C, bẹ́ẹ̀ 660°C ni alumíníọ̀mù ń yọ́. Písítìn kì í yọ́ nítorí pé kì í gba ooru dúró: bó ṣe ń wọlé ló ń tì í sí ríìngì tó yí i ká, ríìngì ń tì í sí ògiri sìlíńdà, ògiri sì ń kó o fún omi.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà kùn ún, ọ̀kan kò sì jọ èkejì. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á fi yanrìn líle fẹ́ ojú irin títí yóò fi rí ṣákiṣàki, kí ohun tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ lè rí i dì mú. Wọ́n á fi àdàlù nickel, chromium àti alumíníọ̀mù ṣe ìpìlẹ̀, tó nípọn bí 0.1 mìlímítà. Lẹ́yìn náà ni ìbọn pílásímà, tí gáàsì inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 10,000°C, á máa yọ́ ìyẹ̀fun zirconia, á sì máa tu ú sórí irin. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á pẹlẹbẹ bí ẹ̀kán àbẹ́là tó kán sórí tábìlì, òmíràn á gorí rẹ̀, títí yóò fi nípọn tó 0.2 sí 0.5 mìlímítà. Ọ̀nà kejì ni ti ṣọ́ọ̀bù: ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ìbọn ọ̀dà fọ́n sórí písítìn, tí wọ́n sì yan nínú ààrò. Kì í sábà ju 0.05 mìlímítà lọ. Irun orí lè nípọn jù ú. Bí ẹni tó ń ta á bá ń ròyìn ohun tí sẹ̀rámíìkì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, ti àkọ́kọ́ ló ń sọ. Èkejì ló ń tà.

Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, kò sí àríyànjiyàn. Gáàsì tó ń fẹ́ lu àwọn abẹ irin tó ń yí lẹ́yìn ibi tí epo ti ń jó gbóná ju ìwọ̀n tí irin náà fi ń yọ́. Sẹ̀rámíìkì bò wọ́n lóde, afẹ́fẹ́ tó tutù jù ú lọ ń gba ihò inú wọn kọjá, àwọn méjèèjì ló jọ ń dá wọn sí. Iná ibẹ̀ kì í kú kó tún tàn títí ọkọ̀ á fi balẹ̀. Ti ọkọ̀ ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ni iná ń tàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìgbà 25 náà sì ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé. Ibi tí wàhálà ti wá nìyẹn.

Láàárín ọdún 1970 sí 1989, Cummins, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, àti ẹ̀ka iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọkọ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì díísù tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì bò nínú. Wọ́n yọ rédíétọ̀, fáànù àti páǹpù omi rẹ̀ dànù, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù tọ́ọ̀nù márùn-ún, ó sì rìn. Fún ológun, èrè nìyẹn fúnra rẹ̀: ọta ìbọn kò lè lu rédíétọ̀ tí kò sí. Ṣùgbọ́n epo tó ṣẹ́ kù kò tó ohun tí ìṣirò orí ìwé ṣèlérí. Púpọ̀ nínú ooru tí wọ́n lé kúrò lọ́nà rédíétọ̀ kò yà sọ́dọ̀ kiráńkì. Sàlẹ́ńsà ló gbà lọ.

Ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ nínú ìṣaasùn rí ti mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n á sọ ìṣaasùn kalẹ̀ lórí iná tán, ọbẹ̀ inú rẹ̀ á ṣì máa hó kùtùkùtù, nítorí amọ̀ ti fa ooru mu, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ̀rámíìkì tó nípọn ń ṣe lórí písítìn. Iná ti kú, èéfín ti jáde, afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé, ojú ìbora náà ṣì gbóná janjan. Afẹ́fẹ́ tó bá kàn án á gbóná, á wú, ìwọ̀n tó máa ráyè wọlé á sì dín kù. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, epo tó lè jó já dáadáa náà dín. Fífún afẹ́fẹ́ gbígbóná pọ̀ sì tún ń jẹ agbára ju fífún èyí tó tutù lọ. Ní 1987, onímọ̀ ẹ́ńjìnnì Gerhard Woschni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì dá ooru dúró lórí písítìn díísù, epo tó ń jẹ sì pọ̀ sí i dípò kó dín.

Ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróò tún le jù bẹ́ẹ̀. Níbi tí ojú ògiri bá ti gbóná jù, apá kan epo á gbiná fúnra rẹ̀ láìdúró de iná tí plọ́ọ̀gì tàn, ariwo kó-kó-kó á máa jáde bí awakọ̀ bá tẹ tọ́rọ́tù lórí òkè. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ òde òní á gbọ́ ọ, á sì yí àsìkò iná padà kí písítìn má baà lu. Agbára tí wọ́n torí rẹ̀ sanwó á tún bá ibẹ̀ lọ.

Toyota ló gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní 2015, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì díísù lítà 2.8 kan jáde, 1GD-FTV, tó wà nínú àwọn Prado àti Hilux kan. Ìbora tó wà lórí písítìn rẹ̀ tín-ín-rín, ó kún fún ihò wínníwínní, láti ara alumíníọ̀mù písítìn náà gan-an ni wọ́n sì ti mú un hù, kí wọ́n tó fi silica, ohun tó wà nínú yanrìn, fún un lágbára. Kì í ṣe pé ó ń dá ooru dúró nìkan, kì í tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí iná bá tàn, ojú rẹ̀ á gbóná lọ́gán. Bí afẹ́fẹ́ tuntun bá wọlé, ojú rẹ̀ á tutù lọ́gán. Ìṣaasùn kọ́ lèyí, fóìlì ni, irú èyí tí wọ́n ń fi bo oúnjẹ nínú ààrò, tí èèyàn lè fi ọwọ́ lásán ká kúrò. Toyota sọ pé ẹ́ńjìnnì náà lè sọ agbára inú epo di iṣẹ́ dé ìdá 44 nínú 100. Kì í ṣe ìbora yìí nìkan ló gbé e débẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Irú èyí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó wà níbẹ̀ tún ní àìsàn tirẹ̀: bí ooru bá mú alumíníọ̀mù, ó ń wú ní nǹkan bí ìlọ́po méjì zirconia. Ìkan ń fà, ìkejì kò tẹ̀ lé e. Bí abọ́ tánganran bá já lulẹ̀, irin rẹ̀ kàn máa tẹ̀ ni, èyí tó bò ó ló máa ń bó, tí ara dúdú á yọ. Ìbora tó bó lórí písítìn kò ní ibòmíràn tó fẹ́ lọ ju àárín ríìngì àti ògiri sìlíńdà, ó sì le ju irin ibẹ̀ lọ. Irin dúdú kò jìnnà sí zirconia ní wíwú, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti jẹ́ kó dì mọ́ ọn.

Nítorí náà, owó tí wọ́n bá ná sórí kíkùn ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde ló bójú mu jù. Mànífóòdù tó ń kó èéfín jáde nínú ẹ́ńjìnnì, àti ilé tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì), tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì kùn kì í jẹ́ kí ooru dà sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín á sì dé ọ̀dọ̀ tọ́bò pẹ̀lú agbára rẹ̀, tọ́bò á wá lò ó. Ibẹ̀ ni ooru tí wọ́n dá dúró ti rí oníbàárà. Porsche 944 Turbo ní sẹ̀rámíìkì nínú ihò tí èéfín ń gbà jáde ní hẹ́ẹ̀dì láti iléeṣẹ́. Fún ọkọ̀ eré ìje, wọ́n lè kùn orí písítìn kó lè fara da ooru òjijì, nítorí àwọn yẹn ń tú ẹ́ńjìnnì wọn lemọ́lemọ́. Ohun dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìn tuntun kì í sì í ṣe sẹ̀rámíìkì, bí wọ́n tilẹ̀ ń tà wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, graphite ni, ó wà fún yíyọ̀, ó sì wúlò.

Fún Corolla tòkúnbọ̀ tó ń gbọ́mọ lọ sílé ìwé, kò tọ́ sí owó títú ẹ́ńjìnnì. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì kan ti yọ tẹ́mọ́sítáàtì rẹ̀ dànù tipẹ́ kí ọkọ̀ má baà máa gbóná. Nǹkan kékeré yẹn ló ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 82 sí 88°C kó tó ṣílẹ̀kùn rédíétọ̀. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, epo púpọ̀ ló sì ń jẹ. Ẹni tó ń wá bí ooru ṣe máa pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì lè kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò.