Bí Àwọ̀ Ìmọ́lẹ̀ Gílóòbù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Èyí Tó Yẹ Yàrá Kọ̀ọ̀kan

Iye mẹ́ta ló máa ń wà lára páálí gílóòbù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà mọ́ ara wọn: wáàtì, lumen àti Kelvin. Wáàtì ni ìwọ̀n agbára iná mànàmáná tí gílóòbù náà ń jẹ. Lumen ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde lára rẹ̀. Kelvin, tí wọ́n ń fi lẹ́tà K ṣàpẹẹrẹ, ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún. Bí yàrá kan bá ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, lumen ni kí a fi kún. Ẹni tó bá lọ ra gílóòbù tí Kelvin rẹ̀ ga, tí lumen rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti èyí tó yọ kúrò, kò rí ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ nìkan ló yí padà, láti pupa rúsúrúsú sí funfun báláú. Àṣìṣe yìí gan-an ló ń sọ ọ̀pọ̀ yàrá ìsùn di ibi tó rí bí ọ́fíìsì, tí ara kì í fi í balẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi òǹkà ìgbóná sọ̀rọ̀ àwọ̀ yóò tètè yé ẹni tó bá ti dúró sí ilé alágbẹ̀dẹ rí. Nígbà tí ẹwìrì bá ń fẹ́ iná sí irin, irin náà á kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyín iná tó ń kú lọ, lẹ́yìn náà á mú àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, á di rúsúrúsú, bí ooru bá sì tún pọ̀ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Àwọn onímọ̀ físíìsì gbé ọ̀rọ̀ yìí ka orí ohun kan tí wọ́n fi ọkàn yàwòrán, tó dúdú débi pé kò sí ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e tí kì í gbé mì, wọ́n sì ṣírò àwọ̀ tí yóò máa tàn ní ìwọ̀n ìgbóná kọ̀ọ̀kan. Òǹkà Kelvin tí wọ́n ń lò fún un bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òtútù kò ti lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyẹn 273.15 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí òǹkà Celsius. William Thomson, tó padà di Lord Kelvin, ló dábàá irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1848. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ 2,700K sára gílóòbù, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ ti ohun tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ní ti gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà tínrín nínú, òótọ́ pọ́ńbélé ni, torí pé wáyà tungsten inú rẹ̀ ń gbóná tó iye yẹn ní ti gidi. Ní ti LED, ìyẹn gílóòbù òde òní tí kò ní wáyà bẹ́ẹ̀ nínú, ìjọra lásán ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń dojú rú ni pé bí iye náà bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dà bí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lójú, bó bá sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ń dà bí èyí tó tutù. Iná àbẹ́là kò ju nǹkan bí 1,900K lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan wà ní àyíká 5,500K. Ojú ọ̀run tí ìkùukùu bò wà ní nǹkan bí 6,500K, òfuurufú búlúù tó mọ́ kedere sì lè kọjá 10,000K. Àwọn gílóòbù inú ilé kì í sábà wà lẹ́yìn òde 2,200K sí 6,500K.

LED funfun kì í tàn ní funfun láti ìbẹ̀rẹ̀. Búlúù ni ègé kékeré inú rẹ̀ ń tàn, wọ́n á sì fi lẹ́búlẹ́bú kan bò ó tó ń gba díẹ̀ nínú búlúù náà, tó sì ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ rúsúrúsú. Àwọn méjèèjì á dà pọ̀, ojú á sì rí funfun. Bí a bá pa iná, tí a sì wo LED tí kò ní ìbòrí, a ó rí lẹ́búlẹ́bú náà gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó dà bí inú ẹyin adìyẹ. Bí lẹ́búlẹ́bú náà bá pọ̀, tí wọ́n sì pò ó mọ́ èyí tó ń tan pupa, Kelvin á wálẹ̀. Bó bá kéré, búlúù á borí, Kelvin á sì gòkè. LED búlúù yìí ni wọ́n fi fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ní ẹ̀bùn Nobel físíìsì ní ọdún 2014.

Búlúù yìí kan náà ló mú kí ọ̀rọ̀ yàrá ìsùn gba àkíyèsí jù lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti ya àwòrán ohun tí a ń wò, bí kò ṣe láti jẹ́ kí ara mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ó ṣú, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló sì máa ń ta wọ́n jí jù. Bí wọ́n bá rí i lálẹ́, ara á dín melatonin tó ń ṣe kù, èyí tó ń pèsè ara sílẹ̀ fún oorun. Nítorí náà, 2,700K tàbí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ló yẹ yàrá ìsùn, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má sì pọ̀ jù, nítorí pé bí lumen bá pọ̀ jù, Kelvin tó kéré nìkan kò lè dáàbò bo oorun.

Pálọ̀ tí wọ́n ti ń jókòó ṣeré, tí wọ́n ti ń gba àlejò, fẹ́ 2,700K sí 3,000K. Ilé ìdáná fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, pàápàá lókè ibi tí ọ̀bẹ ti ń ṣiṣẹ́: 3,000K sí 4,000K. Tábìlì ìkàwé àti ọ́fíìsì inú ilé bá 4,000K mu. Láti 5,000K lọ sókè, ibi tí wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe ló dára fún, níbi tí ojú ti gbọ́dọ̀ rí ohun tó kéré, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sinmi.

Níwájú jígí, Kelvin nìkan kò tó. Gílóòbù méjì lè jẹ́ 3,000K, kí ọ̀kan fi ojú ènìyàn hàn bó ṣe rí, kí èkejì sọ ọ́ di eérú. CRI ni iye tó ń sọ bí àwọn àwọ̀ ṣe ń hàn dáadáa sí, 100 ló sì ga jù. 80 tó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jígí àti ibi tí wọ́n ti ń yan aṣọ yẹ kó ní 90 ó kéré tán. Aṣọ búlúù tó ṣú àti aṣọ dúdú ni a lè fi dán an wò: lábẹ́ gílóòbù 2,700K tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, wọn kì í fẹ́ yàtọ̀ síra, nítorí búlúù tí aṣọ náà ì bá dá padà sí ojú kò pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Bí a bá gbé wọn lọ sí ojú fèrèsé lọ́sàn-án, ìyàtọ̀ náà á hàn gbangba.

Àwọn páálí kan wà tí wọ́n kó iye méjèèjì yìí sínú nọ́ńbà mẹ́ta péré. 827 túmọ̀ sí pé CRI rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 80, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 2,700K. 940 jẹ́ CRI láti 90 àti 4,000K. Ẹni tó bá lè ka èyí kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé iná kan jẹ́ ti ojúmọmọ tàbí ti àṣálẹ́, nítorí pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń túmọ̀ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ohun tó ń ba yàrá jẹ́ jù ni àdàpọ̀. Bí gílóòbù 3,000K bá wà lára àjà, tí 6,500K sì wà lára ògiri, ojú kò ní mọ èyí tí yóò gbà sí funfun: ọ̀kan á dà bí iná tó dọ̀tí, èkejì á dà bí iná tó tutù jù. Níbi tí Kelvin ti kéré ni ojú ti ń tètè rí ìyàtọ̀; 2,700K àti 3,000K kò pamọ́ bí wọ́n bá wà nítòsí ara wọn, àmọ́ agbára káká ni ènìyàn á fi mọ 6,000K yàtọ̀ sí 6,300K. Nítorí náà, gbogbo ibi tí ojú bá lè rí lẹ́ẹ̀kan náà yẹ kó jẹ́ àwọ̀ kan, títí kan pálọ̀ tó ṣí sí ilé ìdáná. Ọ̀dà ògiri náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá gbá a á gba díẹ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀ kó tó dé ojú, àwọ̀ igi tó pupa á sì dà bí èyí tó ṣá lójú lábẹ́ 6,500K. Ìdí nìyí tó fi dára kí a ra ẹyọ kan ṣoṣo kọ́kọ́, kí a fi kọ́ sí àyè rẹ̀, kí a wò ó ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ó kéré tán fún ọjọ́ méjì, kí a tó ra ìyókù.