Ìwà Ẹ̀dá-Ìtàn Ni A Fi Ń Mọ Kókó Ọ̀rọ̀: Oedipus àti Ọdẹ́wálé

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ kókó ọ̀rọ̀ inú eré tí Sophocles, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, kọ nípa ọba Oedipus, "àyànmọ́" ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Kò parọ́, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Àyànmọ́ ni ohun tí eré náà dá lé. Kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tí eré náà ń wí nípa rẹ̀. Ṣé ẹ̀dá lè sá fún un? Bí kò bá lè sá, ṣé ẹ̀bi tirẹ̀ tún wà níbẹ̀? Kò sí gbólóhùn kan tí òǹkọ̀wé fi ìdáhùn pamọ́ sí. Inú ìwà àwọn ẹ̀dá-ìtàn la ti ń rí i, pàápàá níbi tí ẹnì kan ti lè ṣe méjì tó sì mú ọ̀kan.

Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ṣe eré yìí ní Athens. Àsọtẹ́lẹ̀ ti wà pé ọmọ tí Laius, ọba Thebes, bá bí yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Wọ́n gbé ọmọ náà fún darandaran kan pé kó lọ jù ú nù sórí òkè. Àánú ṣe é, ó fi ọmọ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe dàgbà láàfin ọba Corinth. Ọmọ yìí ni Oedipus. Nígbà tí òun náà gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ yìí, ó sá kúrò ní Corinth kó má baà ṣẹ sí àwọn tó rò pé òbí òun ni wọ́n lára. Ojú ọ̀nà ló ti pa bàbá rẹ̀ gan-an láìmọ̀. Ó dé Thebes, ó mọ àlọ́ àpamọ̀ tí ẹranko abàmì Sphinx fi ń pa ará ìlú, wọ́n fi í jọba, wọ́n fún un ní opó ọba, ìyá rẹ̀ gan-an, láti fi ṣe aya.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn wà nílùú, ọba ń wá ẹni tó pa Laius, òun náà sì ni. Ẹni tó bá kíyè sí bí wọ́n ṣe hun ìtàn náà báyìí ti rí ìdajì iṣẹ́: ìpànìyàn àti ìgbéyàwó kọ́ ni Sophocles gbé sójú agbo, ìwádìí ni.

Ìwà ẹ̀dá-ìtàn, ṣíṣà ni à ń ṣà á jọ láti inú ohun tó ṣe, ohun tó sọ, àti ohun tí àwọn ẹlòmíì sọ nípa rẹ̀. (Ti àwọn ẹlòmíì gba ìṣọ́ra, nítorí ọ̀tá lè parọ́ mọ́ni.) Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì, tó bá ti ń padà wá, ìwà ni. Ẹ wo ìbínú Oedipus. Níbi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé, àwọn ará kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan fẹ́ tì í kúrò lójú ọ̀nà. Ó lu awakọ̀, bàbá arúgbó inú kẹ̀kẹ́ náà lù ú lórí, ó sì pa á. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Tiresias, aríran afọ́jú, ní òun ò fẹ́ sọ ohun tí òun mọ̀. Kíá, ọba ti ní ó lọ́wọ́ nínú ikú Laius, ó tún sọ Creon, arákùnrin ìyàwó rẹ̀, di ọ̀dàlẹ̀ láìní ẹ̀rí. Nígbà tí darandaran ọjọ́sí náà tún fà sẹ́yìn, ọba ní kí wọ́n yí i lápá sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ àròkọ máa ń dúró síbẹ̀: ìbínú ló ba ayé Oedipus jẹ́. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìkì, ló dá èyí sílẹ̀ láìmọ̀. Ohun tó wí ni pé akọni irú eré oníbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni pípé, kì í sì í ṣe ìkà. Àṣìṣe kan ló ń gbé e ṣubú. Àwọn olùkọ́ sọ àṣìṣe yẹn di àbùkù, wọ́n wá ń pín in kiri, ọ̀kan fún akọni kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ìwà kan náà tí kò jẹ́ kí Oedipus gba ìtìkúùtì lójú ọ̀nà ni kò jẹ́ kó lè fara mọ́ àìmọ̀. Òun ló fi yọ Thebes lọ́wọ́ Sphinx. Nígbà tí òótọ́ ti yé Jocasta, ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má wádìí mọ́. Ó kọ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ ní yóò pa bàbá rẹ̀. Kò sọ pé dandan ni kó mọ̀ pé òun ló pa á. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òrìṣà kankan, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wá a. Ní báyìí, kókó ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "àyànmọ́" lásán: ohun tí a kọ mọ́ ẹ̀dá lè má ṣeé yí padà, síbẹ̀ ó ku bí ẹ̀dá ṣe fẹ́ dúró níwájú rẹ̀.

Ọ̀nà kan tó dára láti dán irú ìtumọ̀ yìí wò ni kí a wo ẹni tó tún ìtàn kan náà sọ, kí a wá ibi tó ti yí i padà. Ọlá Rótìmí, òǹkọ̀wé eré ọmọ Nàìjíríà, gbé ìtàn yìí wá sílẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà. Thebes di Kútùjẹ, Oedipus di Ọdẹ́wálé, Tiresias di Baba Fákúnlé. Ohun tó bá wọn dọ́gba kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní nǹkan.

Ibi ìpànìyàn ni kí a lọ. Rótìmí kò lo ìjà ẹni tí yóò yà fún ẹnì kejì lójú ọ̀nà. Oko iṣu ni. Ọdẹ́wálé bá àwọn èèyàn tó ń wu iṣu nínú oko tó fowó rà, arúgbó tó kó wọn wá sì pè é ní olè. Ó kọ́kọ́ fara dà á. Ìgbà tí arúgbó fi ohùn ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí ará Ìjẹ̀kùn, tó sì fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bí ará oko, ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Wọ́n fi oògùn bára wọn jà, ọkọ́ ló sì fi pa á. Nígbà tó wá jọba, ohun kan náà ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: àjèjì ni òun, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń dìtẹ̀ sí òun. Ní ìparí, òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi, pé àìlera òun ni wọ́n lò, ti ẹni tó tètè ń bínú gbèjà ẹ̀yà rẹ̀. Ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Rótìmí fi dípò ìgbéraga ojú ọ̀nà, ìpààrọ̀ kan yìí ló sì sọ eré náà di ti Nàìjíríà.

Rótìmí tún sọ nígbà kan pé àwọn alágbára ayé bí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ni òun pè ní òrìṣà nínú àkọlé náà. Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé yẹ ní gbígbọ́, àmọ́ ẹ̀rí inú ìwé ló ń dájọ́. Kò sí Amẹ́ríkà nínú oko iṣu yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìtumọ̀ náà wọlé gbọ́dọ̀ fi ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ṣe tàbí tó sọ tì í lẹ́yìn.

Ọ̀nà yìí kò bá gbogbo ìwé mu o. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, orúkọ púpọ̀ nínú àwọn tó bá Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Lángbòdó ti sọ iṣẹ́ wọn: Ìmọ̀dóye ló ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ló ní orin. Wọn kì í yí padà, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yí padà. Ìbéèrè tó bá irú wọn mu ni èwo nínú ewu ọ̀nà ni agbára ẹnì kan kò tó fún, tí ti ẹlòmíì sì borí. Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà wà.