Ta Ló Kọ́ Rọ́bà Èémí Láti Dúró Sójú Kan?

Kí dókítà ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ìyẹn ò tíì parí ọ̀rọ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ àti èébì má gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí rọ́bà fúnra rẹ̀ má sì yẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ní 1878, ní Glasgow, oníṣẹ́ abẹ kan, William Macewen, fẹ́ gé kókó kan kúrò ní ìdí ahọ́n ọkùnrin kan. Ó mọ̀ pé bí chloroform, oògùn oorun ìgbà náà, bá ti kun ún lóorun, ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ló bá fi ìka wá ọ̀nà, ó ti ọ̀pá irin gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin náà kò tíì sùn o! Macewen wá fi kànìnkànìn dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, oníṣẹ́ abẹ Harold Gillies ń tún ojú àwọn ọmọ ogun ṣe ní Sidcup, England. Ibi tí ìbòjú tí wọ́n fi ń fa oògùn oorun yóò jókòó sí gan-an ni ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́ lé. Ivan Magill àti Stanley Rowbotham tó ń kun wọ́n lóorun ló sọ rọ́bà di ohun èlò ojoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n àlàfo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà. Arthur Guedel, dókítà oorun ará Amẹ́ríkà, ló rí ọgbọ́n dá sí i. Ó fi ìka ìbọ̀wọ́ rọ́bà dán an wò, ó tilẹ̀ fi kọ́ńdọ̀mù, títí ó fi rí àpò kékeré tí wọ́n lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí lẹ́yìn tí rọ́bà bá ti wọlé. Òun àti dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ralph Waters, kọ ọ́ jáde ní 1928. Kí ojú àwọn dókítà lè rí i, Guedel kun ajá rẹ̀, Airway, lóorun, ó ti rọ́bà alápò náà bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, ó sì rì í sínú omi. Ajá ń mí lábẹ́ omi! Nígbà tó jí, ó gbọn omi dànù.

Ṣùgbọ́n àpò yìí ń dí ọ̀nà ni, kì í di rọ́bà mú. Bí àgbọ̀n aláìsàn bá tẹ̀ sáyà, rọ́bà á wọlé sí i, ó lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún nìkan. Bí orí bá yí sẹ́yìn, á máa bọ̀ lókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka àmì sẹ̀ǹtímítà ara rọ́bà tó wà létí eyín, bíi 23 fún ọkùnrin, 21 fún obìnrin, kí wọ́n tó fi pílásítà lẹ rọ́bà mọ́ ojú. Ara onírùngbọ̀n kì í gba pílásítà. Okùn ni wọ́n ń so yí ọrùn tirẹ̀ ká, wọn kì í sì í fún un jù, kí ẹ̀jẹ̀ orí lè ráyè sọ̀kalẹ̀.