Kí ló dé tí awakọ̀ bàálù ogun fi ń fò jáde sójú òkun? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí fídíò bàálù ogun tó ń já sínú òkun ti ń kiri lórí fóònù, ìbéèrè kò tán lẹ́nu àwọn tó máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́, níbí ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lọ́kàn gan-an, nítorí mo ti ń ka nípa bàálù láti kékeré. Mo wá kó àwọn ìbéèrè wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn mi.

Bùọ̀dá, ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo pàdánù bàálù mẹ́ta láàárín oṣù mélòó kan?

Òótọ́ ni. USS Harry S. Truman, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí bàálù ń gbéra tó sì ń bà lórí rẹ̀, ló ṣẹlẹ̀ sí ní Òkun Pupa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2024, USS Gettysburg, ọkọ̀ ogun tiwọn náà, ṣèèṣì yìnbọn lu F/A-18 kan lára bàálù Truman. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, òmíràn bọ́ sómi pẹ̀lú katakata tó ń fà á. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ẹ̀kẹta ń bà, wáyà tó yẹ kó dá a dúró kò dá a dúró, ló bá gba iwájú bọ́ sínú òkun. Owó bàálù kọ̀ọ̀kan lé ní mílíọ̀nù 60 dọ́là. Èèyàn méjì méjì ló wà nínú ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹta. Gbogbo wọn fò jáde, gbogbo wọn ló sì yè.

Bí táyà ṣe ń kan ilẹ̀ ni ariwo ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ sí i. Ṣé kò yẹ kó máa dín in kù ni?

Mẹkáníìkì kan láti Láfẹ́nwá ló bi mí léèyí, inú mi sì dùn pé ó kíyè sí i, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ojú ọ̀nà tó gùn jù tí bàálù ń bà sí ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà jẹ́ 3,900 mítà. Ọkọ̀ ogun ńlá Amẹ́ríkà, láti orí dé ìdí, kò ju bíi 333 mítà lọ, apá kan nínú rẹ̀ ni bàálù sì ń rí bà sí. Bàálù náà á máa bọ̀ ní nǹkan bíi 240 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí bírékì tó lè mú un níbẹ̀. Nítorí náà wọ́n ta wáyà irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin dábùú ojú dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ojú pẹrẹsẹ òkè ọkọ̀ náà, ìkọ́ kan sì wà nídìí bàálù tó gbọ́dọ̀ há sí ọ̀kan nínú wọn. Bó bá há, bàálù á dúró láàárín nǹkan bíi 100 mítà.

Bí kò bá wá há ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kì í jí lójijì. Bí awakọ̀ bá ti dín agbára rẹ̀ kù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá a nígbà tó rí i pé ìkọ́ kò mú wáyà, omi ni yóò bá ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń fi gbogbo agbára sí i kó tó mọ̀ bóyá ìkọ́ há. Tó bá há, wáyà á borí ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá há, á gbéra lọ, á sì tún yí padà wá.

Èyí tó burú jù ni kí wáyà mú un, kó wá já. Bàálù náà á ti pàdánù eré tó fẹ́ fi fò, síbẹ̀ eré tó kù lára rẹ̀ á ṣì tó láti gbé e kọjá etí ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ gbìyànjú kí wọ́n gba bàálù olówó iyebíye là?

Mi ò gbà pé ẹ̀rù ni. Láti ojú dẹ́ẹ̀kì sí ojú omi, bíi 18 mítà ni. Ohun tó bá já láti ibẹ̀, bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì ló máa fi dé omi. Ta ló lè ro ọ̀rọ̀ já láàárín ìyẹn? Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ náà, nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́: bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, fa ọwọ́ àga tó ń yin èèyàn jáde. Ẹni tó bá dúró ṣàánú bàálù á bá bàálù lọ ni. Ilé iṣẹ́ á ṣe bàálù mìíràn, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kò ní ààrọ̀.

Báwo wá ni àga yẹn ṣe ń gbé èèyàn jáde?

Ọwọ́ kan wà láàárín itan awakọ̀, aláwọ̀ dúdú àti yẹ́lò. Tó bá fà á, ìbòrí gíláàsì á kúrò, ẹ̀tù á yin àga gòkè, rọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga á tún gbé e sókè sí i, párásúùtì á sì ṣí fúnra rẹ̀. Àga òde òní ń gba ẹ̀mí là kódà bí bàálù bá dúró sójú kan nílẹ̀. Kò rọrùn fún ara o. Fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, awakọ̀ á wúwo ju ìlọ́po mẹ́wàá ara rẹ̀ lọ, egungun ẹ̀yìn ẹlòmíràn sì máa ń kán.

Martin-Baker, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe púpọ̀ nínú àwọn àga yìí. Valentine Baker, tó bá James Martin dá a sílẹ̀, kú nínú bàálù tí wọ́n ń dán wò ní ọdún 1942. Ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ló mú kí Martin gbájú mọ́ bí awakọ̀ ṣe máa yè. Ní ọdún 1946, òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Bernard Lynch gbà kí wọ́n fi àga náà yin òun jáde lójú òfurufú. Ẹ̀mí tí àga wọn ti gbà là ti lé ní 7,000.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá ti fa ọwọ́ àga ló ń yè?

Rárá, ibí yìí ló sì máa ń dùn mí jù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1994, Kara Hultgreen, ọ̀kan lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù ìjà láti orí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ń wa F-14 bọ̀ wá bà sórí USS Abraham Lincoln nítòsí San Diego. Ẹ́ńjìnnì òsì kọṣẹ́. Bàálù fì sí òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dojú dé. Matthew Klemish tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ fa ọwọ́ tó ń yin àwọn méjèèjì jáde. Ti ẹni ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ lọ, kí iná rọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú má baà jó o, ti iwájú á wá tẹ̀ lé e. Ohun tó wà láàárín wọn kò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan. Klemish jáde, ó yè. Ní ìwọ̀nba àkókò yẹn, bàálù ti yí débi pé inú omi ni àga Hultgreen yìn ín sí. Ọmọ ọdún 29 ni. Àga rẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́, ibi tí bàálù kọjú sí ló pa á.

Ẹni tó bá fi párásúùtì bọ́ sójú òkun, ṣé aṣọ yẹn kò ní wé mọ́ ọn?

Ó lè wé mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ sì lè fi wọ́ ọ lórí omi títí yóò fi mumi yó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ohun kékeré kan sí ibi tí okùn párásúùtì ti so mọ́ èjìká: bí omi iyọ̀ bá ti kàn án, á já párásúùtì náà dànù, bí awakọ̀ bá tilẹ̀ ti dákú. Ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ náà á fẹ́ fúnra rẹ̀. Hẹlikópítà kan sì máa ń wà lójú òfurufú nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó ń bà, kí ó lè tètè gbé ẹni tó bá já sómi.

Ṣé gbogbo bàálù orí ọkọ̀ ogun ló ní irú àga yẹn?

Rárá o. E-2 Hawkeye, tó ń gbé rádà, kò ní. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2016, wáyà tó mú Hawkeye kan já lórí USS Dwight D. Eisenhower. Wáyà náà fì káàkiri dẹ́ẹ̀kì, ó ṣe èèyàn mẹ́jọ léṣe. Bàálù náà yọ̀ kọjá etí ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ títí kò fi hàn mọ́ lójú àwọn tó dúró. Wọn ò ní ọwọ́ kankan láti fà. Awakọ̀ rọra ń gbé e títí ó fi tún yọ lókè, wọ́n sì wà á padà sí Norfolk, lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láyọ̀.

Àwa ńkọ́ ní Nàìjíríà?

A kò ní ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù báyìí. Ṣùgbọ́n àga náà ti gba ọmọ wa là. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn agbébọn yìnbọn lu Alpha Jet tí Abayomi Dairo, ọ̀gágun òfurufú wa, ń wà ní agbègbè Zamfara àti Kaduna. Ó fò jáde, ó sá pamọ́ fún wọn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun wa.

Bàálù tó bá rì, ṣé wọ́n máa ń fi sílẹ̀ síbẹ̀ ni?

Ó sinmi lórí irú èyí tó jẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2022, F-35C kan fi ara gbá ìdí USS Carl Vinson nígbà tó ń bà ní Òkun Gúúsù Ṣáínà. Awakọ̀ ń yára bà, kò tan ẹ̀rọ tó máa ń bá a ṣètò agbára ẹ́ńjìnnì, nígbà tó sì fi mọ̀ pé agbára kò tó, ó ti pẹ́ jù. Ó fò jáde, ó yè. Bàálù rì sí ìsàlẹ̀ tó jìn tó bíi 3,780 mítà. Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí àṣírí inú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ni wọ́n bá gbé ọkọ̀ àti ẹ̀rọ lọ síbẹ̀, wọ́n sì fà á jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta.