Kí Ẹ Tó Lọ Ra Jíà Bẹ́ljíọ̀m

Tíṣà àgbà kan gbé Camry 2000 wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fi ní, "Ẹnjiníà, ọkọ̀ mi ń gbá gbì, wọ́n ní jíà mi ti kú. Wọ́n ní kí n lọ ra bẹ́ljíọ̀m, jíà àlòkù láti òkè òkun, ní ọjà páàtì Araromi." Mo ní kí wọ́n ṣì fi owó wọn sápò ná. Ìgbà wo gan-an ló ń gbá, Mà? Wọ́n ní tí wọ́n bá ti fà á láti P sí R ni.

Ọkọ̀ tí kò tíì rìn, tó ti ń gbá, jíà kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Mo máa ń wo RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìn ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ́ńjìn bá ti gbóná, ó yẹ kó wà nítòsí 700. Bó bá wà ní 1,200, dandan ni kí jíà gbá gbì! Ti tíṣà dára. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi tẹ búrèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kó máa fa jíà láti R sí D, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì (ẹ má dúró níwájú ọkọ̀ o). Ẹ́ńjìn fò sókè bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ẹ́ńjìn sìtì ẹ̀yìn, rọ́bà tó di ẹ́ńjìn mú, ló ti ya. A pààrọ̀ rẹ̀, ó tán.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lórí ìrìn ló ti ń gbá, láti jíà kìíní sí ìkejì, ẹ yẹ epo jíà wò. Ẹ wa ọkọ̀ títí yóò fi gbóná, ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú, ẹ má pa á. Ẹ tẹ búrèkì, ẹ fa jíà láti P dé L, ẹ dá a padà sí P, kí ẹ wá yọ géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn epo jíà. Ẹ̀yin oní-Honda, tiyín yàtọ̀: ẹ pa ẹ́ńjìn kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹni tó bá wo Honda bíi Toyota á rọ epo kún un kọjá ìwọ̀n.

Ẹ fi tíṣù funfun nu géèjì. Epo tó dára máa ń pupa, á mọ́ kedere. Èyí tó ṣú bíi Milo, tó ń rùn bíi búrẹ́dì tó jó, ti jóná. Èyí tó rí bíi yúgọ́ọ̀tì, omi rádíétọ̀ ti wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ rìn mọ́ àfi tí wọ́n bá wọ́ ọ.

Epo yìí ló ń ti àwọn páléètì inú jíà pọ̀. Bó bá kéré, wọ́n á máa yọ̀, RPM á sáré sókè, wọ́n á wá di ara wọn mú lójijì. Dexron III ni Camry 2000 ń lò. T-IV ni ti Camry 2002 tí a ń pè ní Big Daddy. Gbogbo epo pupa kọ́ ló jọra! Tí a bá sì tú ti Camry 2000, bíi lítà 2.5 ló ń jáde, ìyókù wà nínú kọ́nfátà, ìyẹn agolo ńlá tó wà láàárín ẹ́ńjìn àti jíà. Èmi máa ń tú u lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ kan láàárín.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbójú fò lára Camry onípílọ́ọ̀gì mẹ́rin yìí: wáyà irin (kì í ṣe tiná) tó ti ara throttle, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìn, wọ inú jíà. Òun ló ń sọ fún jíà bí ẹ ṣe tẹ tọ́tù tó. Bó bá le jù, jíà á pẹ́ kó tó yí, á sì gbá. Bó bá dẹ̀, á máa yọ̀. Ẹni tó bá tú throttle láti fọ̀ ọ́ lè dá wáyà yìí padà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Sípánà méjì ni mo fi ń tún un ṣe.

Bí iná O/D OFF tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀, ẹ wá réwáyà tó gbọ́ iṣẹ́. Ó lè jẹ́ solenoid, fáàfù oníná tó ń darí epo inú jíà, tàbí sensor tó ń ka eré ọkọ̀.

Ìgbà tí mo bá tú páànù jíà, abọ́ epo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí mo bá irin tí ọwọ́ lè ṣà lára mágnẹ́ẹ̀tì, ni mo tó ń ní kí oníbàárà wá owó jíà. Lẹ́búlẹ́bú dúdú bí ẹrẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan. Kódà nígbà náà, mo máa ń bá wọn dé Araromi, kí n lè fọwọ́ kan epo tó ṣẹ́kù nínú èyí tí wọ́n fẹ́ tà, kí n gbóòórùn rẹ̀.