Bhavai: eré ìbílẹ̀ Gujarat àti bó ṣe wọ gbọ̀ngàn òde òní

Bhavai ni eré ìta gbangba táwọn ará Gujarat, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, fi ń ṣọ́ òru mọ́jú láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá wá. Abúlé ló ti wọ́pọ̀, pàápàá lásìkò Navratri, ọdún ẹ̀sìn Híńdù tí wọ́n ń fi òru mẹ́sàn-án ṣe, níwájú tẹ́ńpìlì òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Amba. Kì í ṣe ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin o, eré kéékèèké ni wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ vesha, ìyẹn ìmúra. Láti àwọn ọdún 1950 làwọn dírẹ́kítọ̀ ìlú ńlá ti ń gbé e wọ orí sítéèjì.

Ìtàn Asaita

Asaita Thakar, ará Siddhpur tó jẹ́ Bráhmínì, ìyẹn ìran àwọn àlùfáà Híńdù, làwọn òṣèré gbà pé ó dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gágun Mùsùlùmí kan jí ọmọbìnrin Hema Patel gbé ní ìlú Unjha, ni Asaita bá lọ bá a pé ọmọ òun ni. Ọ̀gágun ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ kó bá ọmọbìnrin náà jẹun kóun rí i, torí Bráhmínì ò gbọdọ̀ bá ìran tí wọ́n kà sí ìsàlẹ̀ jẹun. Asaita jẹun. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, àmọ́ àwọn Bráhmínì ẹgbẹ́ ẹ̀ lé e dànù, ló bá kó lọ sí Unjha, Patel fún un nílẹ̀, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ wá ń fi orin àti ijó jẹun. Àwọn Targala tó ń ṣeré náà ní ìran wọn ni. Vesha 360 ni wọ́n ní ó kọ, nǹkan bí 60 ló ṣẹ́ kù. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, a ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá eré tí kì í yéé fi àwọn ọlọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́ mu dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Nayak ni olórí ẹgbẹ́, òun ló ń fa ìlà róbótó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n á ti ṣeré, àwọn èrò á sì jókòó yí i ká. Ganesh, òrìṣà Híńdù tó ní orí erin, ló máa ń kọ́kọ́ wọlé: òṣèré kan á gbé àwo idẹ bojú, á máa jó lẹ́yìn ẹ̀, kò sí pé ẹnì kan ń wá orí erin kiri. Ọkùnrin ló ń ṣe obìnrin. Aláwàdà wọn ń jẹ́ Ranglo, òun ló lè bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, kó bú ọba, kó yíjú sáwọn tó ń wòran kó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tó mú bhavai yàtọ̀ sí eré Íńdíà míì jù, lójú ẹni tó bá fetí sí orin, ni bhungal. Ọ̀pá bàbà gígùn ni, bíi kàkàkí, ó ju mítà kan lọ, méjì ni wọ́n sábà máa ń fọn pọ̀. Kò lè kọ orin lọ títí torí ìró tó ní ò pọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó pe abúlé jáde, kó kéde ẹni tó ń bọ̀, kó sì là á mọ́lẹ̀ níbi tí ijó bá ti gbóná. Tábìlà àti síńbálì kéékèèké ń gbè é lẹ́yìn.

Láti ìta wọ gbọ̀ngàn

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún àwọn ọ̀mọ̀wé Gujarat ò fẹ́ràn bhavai rárá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rírùn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ranchhodbhai Udayram wá ń kọ eré tiẹ̀ kó lè rọ́pò ẹ̀. Mahipatram Rupram náà bẹnu àtẹ́ lù ú, síbẹ̀ òun ló kó àwọn vesha jọ sínú ìwé, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ dírẹ́kítọ̀ ti wá ń wá ohun tí wọ́n máa ṣe.

Eré tó yí nǹkan padà ni Mena Gurjari, tí Rasiklal Parikh kọ, tí wọ́n gbé jáde ní Ahmedabad ní 1953. Jaishankar Bhojak ló darí ẹ̀. Ipa obìnrin ni bàbá yìí fi lókìkí nígbà èwe ẹ̀, débi pé orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Sundari, lẹ̀ mọ́ ọn títí láé, òun náà ló wá jókòó tó ń darí obìnrin gidi, Dina Gandhi (Dina Pathak lẹ́yìn ìgbéyàwó), nínú ipa Mena. Ní 1957 wọ́n ṣe é níwájú Ààrẹ Rajendra Prasad ní Delhi.

Shanta Gandhi, ẹ̀gbọ́n Dina, ló gbé Jasma Odan jáde lédè Hindi ní National School of Drama ní 1968. Jasma wà lára àwọn Od tó ń gbẹ́ ilẹ̀, ọba Patan, Siddhraj, rí i níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ adágún, ó lóun fẹ́ ẹ, Jasma kọ̀ jálẹ̀, ó sì kú sórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú gbogbo vesha tó wọ ìlú ńlá, ó dà bíi pé èyí ló ṣe é gbé jù, torí obìnrin tó ń ru erùpẹ̀ tó sì sọ fún ọba pé rárá, kò sí ìlú tí ò ní yé.

Ní ti fíìmù, Ketan Mehta ṣe Bhavni Bhavai ní 1980, lórí àwọn tí wọ́n kà sí ẹni àìfọwọ́kàn. Ó fi í júbà Asaita àti Brecht, òǹkọ̀wé eré ará Jámánì.

Ohun tó yí padà

Òru ọ̀hún ti di wákàtí bíi méjì, vesha kan péré ni wọ́n sì sábà máa ń mú. Obìnrin ti ń ṣe ipa obìnrin. Èrò ò yí òṣèré ká mọ́, iwájú nìkan ni wọ́n wà, nínú òkùnkùn, ìyẹn ló sì ni Ranglo lára jù torí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ló fi ń dá àpárá. Bhungal náà, ìta ni wọ́n ṣe é fún, tí wọ́n bá fọn ọ́n nínú gbọ̀ngàn tó ní òrùlé, àwọn tó wà ní ìlà iwájú á fẹ́rẹ̀ẹ́ di etí. Wọ́n tún ń lo bhavai fún ìpolongo ìlera àti mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lábúlé, níbi tí Ranglo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ fún un.