Kí ló dé tí orúkọ àwọn kan ò sí nínú ìwé Auschwitz?

Ìbéèrè: Ṣebí wọ́n ní gbogbo nǹkan làwọn Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, máa ń kọ sílẹ̀, kí ló wá dé téèyàn á wá Júù kan nínú ìwé Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa èèyàn ní Pólàǹdì, títí tí ò ní rí i?

Ìdáhùn: Wọ́n ń kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ. Bíi mílíọ̀nù 1.3 èèyàn ni wọ́n kó lọ sí Auschwitz, nǹkan bíi 400,000 péré ni wọ́n fún ní nọ́ńbà. Àwọn tó kù, Júù ló pọ̀ jù, ìyá arúgbó, ọmọ ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè báyìí ó di yàrá gáàsì, ta ló fẹ́ jókòó kọ orúkọ wọn? Nígbà tó wá di January 1945 tí sójà Rọ́ṣíà ń sún mọ́ tòsí, wọ́n tún dáná sun èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ. Torí náà tẹ́ ò bá rí orúkọ, ẹ má ì tíì sọ pé ẹni yẹn ò débẹ̀ o.

Ìbéèrè: Èyí tí wọ́n kọ ńkọ́, ṣé èèyàn lè gbà á gbọ́?

Ìdáhùn: Orúkọ àti ìlú tí wọ́n bí i sí, ẹ lè mú un lò. Ohun tó pa á, ẹ fi sílẹ̀. Ìwé ikú bíi 69,000 ló ṣẹ́ kù ní Auschwitz, àrùn ọkàn, òtútù àyà, irú ẹ̀ ló kún inú ẹ̀, irọ́ ló pọ̀ jù.

Ìbéèrè: Àwọn ará Pólàǹdì tí kì í ṣe Júù ńkọ́?

Ìdáhùn: Tiwọn máa ń rọrùn díẹ̀, torí wọ́n fipá kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí oko àti fáktírì ní Jámánì, láti 1940 ni wọ́n ti ní kí wọ́n rán lẹ́tà P mọ́ aṣọ, iṣẹ́ sì rèé, ìwé ló ń bí ìwé: káàdì iṣẹ́, ìwé ìnṣọ́ránsì, ìwé ọlọ́pàá. Púpọ̀ ẹ̀ wà ní Arolsen Archives, ibi tí wọ́n ń kó ìwé nípa àwọn tí Násì fìyà jẹ pa mọ́ sí, nílùú Bad Arolsen ní Jámánì, ìwé bíi mílíọ̀nù 30, 2007 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i fáwọn olùwádìí, ní báyìí ẹ lè wo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Mo tẹ orúkọ, kò jáde.

Ìdáhùn: Ẹ yí i padà. Szmul nílé lè di Samuel níwájú akọ̀wé kan, kó di Schmul lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìlú náà ńkọ́, Łódź ní Pólàǹdì di Litzmannstadt lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní 1940. Àwọn Júù tó sì sá pamọ́ ní Warsaw pẹ̀lú ìwé Kátólíìkì ayédèrú, orúkọ ẹlòmíì pátápátá ni wọ́n ń jẹ́.

Ìbéèrè: Ẹni tí ò sí nínú ìwé kankan wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wo Yad Vashem, ibi ìrántí àwọn Júù tí Násì pa, ní Jerúsálẹ́mù, àwọn mọ̀lẹ́bí àti ojúlùmọ̀ ló ń kọ fọ́ọ̀mù síbẹ̀ fún òkú tiwọn. Èyí tó tún wú mi lórí jù ni ti Emanuel Ringelblum, òpìtàn Júù kan, àtàwọn èèyàn ẹ̀ nínú gẹ́tò Warsaw, àdúgbò táwọn Násì há àwọn Júù mọ́, tí wọ́n ń ṣa lẹ́tà, káàdì oúnjẹ, àròkọ ọmọ iléèwé, wọ́n kó o sínú àpótí irin àti agolo wàrà ńlá, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ káwọn tó kù lẹ́yìn lè fi ẹnu àwọn Júù fúnra wọn gbọ́ ọ. Wọ́n hú ti àkọ́kọ́ jáde ní 1946, ìkejì ní 1950. Ìkẹta, wọn ò tíì rí i.